Ilẹ̀kùn Tí Fúnlọ́lá Kò Tì

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ fi Bàlíkísù sílẹ̀, kì í ṣe òun! Èmi ni mo tú àṣírí Jemilat síta, èmi náà ni mo purọ́ mọ́ Bàlíkísù! Òótọ́ tí mo gbé mì, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ lónìí kó tó pa mí!"

Bí Fúnlọ́lá ṣe lanu ké nìyẹn láàárín àwọn tó pé jọ síbi fìdáù Jemilat, nínú ọgbà ilé kan lẹ́yìn Ọjà Ojúwòyè ní Mushin. Òun alára kò mọ ìgbà tí òun dìde. Kò wá síbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ohun tó ń rò lọ́nà, nígbà tó ń bọ̀ láti Yaba, ni pé òun á kí ìyá olóògbé, òun á jókòó díẹ̀ sẹ́yìn àwọn obìnrin, òun á sì yọ́ lọ kí wọ́n tó pín sàárà. Ṣùgbọ́n Bàlíkísù wọlé. Bó ṣe kúnlẹ̀ pé kí òun kí ìyá olóògbé báyìí, àwọn obìnrin àdúgbò ya bò ó. Ọ̀kan fa ìbòrí orí rẹ̀, òmíràn fi eyín já omi inú ọ̀rá, ó sì tú u sí i lójú. "Apànìyàn! O tà á tán, o tún wá jẹ sàárà rẹ̀!" Rilwan, àbúrò Jemilat lọ́kùnrin, gbá apá rẹ̀ mú, ó sì ń wọ́ ọ lọ sẹ́nu géètì. Bàlíkísù kò jà. Ìyẹn gan-an ló gún Fúnlọ́lá lọ́kàn. Bàlíkísù tí òun mọ̀, ẹni tí kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti kékeré, ló wá ń tẹ̀lé ẹni tó ń wọ́ ọ lọ, bí ẹni tí ìyà ti mọ́ lára. Fúnlọ́lá kọ́kọ́ rò pé àwọn obìnrin yẹn ni òun ń bínú sí. Kó tó yé e pé ara òun ni, ẹnu rẹ̀ ti là.

Ààfáà tó ń ṣe wáàsí gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu. Rilwan fi apá Bàlíkísù sílẹ̀, ó yíjú padà. "Ta ni ìwọ? Kí lò ń sọ?"

"Fúnlọ́lá lorúkọ mi. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, èmi ni mo ṣe sáìtì tí wọ́n fi ń fi èsì ránṣẹ́ sáwọn èèyàn. Bàlíkísù yìí ló sì wá iṣẹ́ náà fún mi."

Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun, ló bá ń sọ ọ́ lọ. Ó ní láti ilé ìwé girama ní Surulere ni òun àti Bàlíkísù ti ń ṣọ̀rẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni òun, ìyá òun ń ta aṣọ ní Oto, òun sì kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nígbà tí òun kọ́ ọ tán, iṣẹ́ kò yọjú. Bàlíkísù ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà nílé àyẹ̀wò kan ní apá Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn tó bá wá. Bàlíkísù ló fa Fúnlọ́lá lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá wọn, Dókítà Ọ̀jẹ̀túndé, tó sì sọ lójú dókítà pé, "Sà, ẹ gbé e fún un. Mo fi orúkọ mi dúró fún un." Iṣẹ́ náà ni pé ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò kò ní máa padà wá tò fún èsì mọ́, orí fóònù rẹ̀ ni yóò ti rí i. Dókítà ń kánjú, Fúnlọ́lá náà ń kánjú. Èsì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì máa ń hàn ní ìparí àdírẹ́sì tí fóònù bá ṣí. Ó yẹ kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo èsì yẹn, máa bi ẹni tó bá wá pé, "Ta ni ọ́? Ṣé tìrẹ lo wá wò?" Fúnlọ́lá kò kọ́ ọ láti béèrè. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí nọ́ńbà yẹn padà sí èyí tó tẹ̀lé e, èsì ẹlòmíràn ni yóò yọ sí i, tòun ti orúkọ àti àrùn tó ń ṣe é.

"Àfi bí ilé ńlá," Fúnlọ́lá sọ, "tí mo fi ilẹ̀kùn sí gbogbo yàrá rẹ̀, tí mi ò sì fi kọ́kọ́rọ́ sí ìkankan. Ẹni tó bá ti wọlé wá wo yàrá tirẹ̀, yàrá tó bá wù ú ló lè yọjú sí. Bí wọ́n ṣe tú ìdí àwọn èèyàn sí gbangba nìyẹn. Èmi tí wọ́n pè ní ọ̀mọ̀wé!"

"O ò mọ̀ nígbà tó ò ń ṣe é?" Rilwan bi í.

"Nígbà tí mò ń ṣe é, mi ò ro ibẹ̀. Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, ǹ bá wí àwáwí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan sọ fún mi."

Evelyn lorúkọ ẹni náà. Yaba ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa yẹ sáìtì àwọn ilé iṣẹ́ wò, kó lè rí ihò tó bá wà níbẹ̀ kí olè tó rí i. Òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀. Ó rí ohun tó rí, ó wá nọ́ńbà Fúnlọ́lá, ó sì pè é tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Èsì tèmi ni mo fẹ́ wò, mo wá ṣàkíyèsí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo yí i, ti ẹlòmíì ló jáde. Mo ti pa á dé, mi ò sì fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè tì í pa, ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mà ni." Ẹni tí nǹkan bá yé, ọpẹ́ ni yóò dá. Kí ni Fúnlọ́lá ṣe? Ó jágbe mọ́ ọn. "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Olè ni ẹni tó bá ń wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Tí mo bá tún gbọ́ ohùn rẹ, ọlọ́pàá ni màá fi gbé ọ!" "Ẹ lè pè mí lólè o," ni Evelyn fi dá a lóhùn. "Ilẹ̀kùn yín ṣì wà ní ṣíṣí."

"Ẹ̀ ń gbọ́ bẹ́ẹ̀?" Fúnlọ́lá ń fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. "Iṣẹ́ tí kò lè gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ ni! Ṣùgbọ́n mo ti gba iṣẹ́ míì, èyí tí wọ́n ń kí mi fún lọ́tùn-ún lósì. Bí mo bá lọ sọ fún dókítà pé mo ṣe àṣìṣe, ojú á tì mí. Mo ní tó bá dọ̀la màá ṣe é. Ọ̀la dé, mo ní ọ̀la. Ìgbéraga ni, ọ̀lẹ sì ni. Ẹ má jẹ́ kí n pè é ní nǹkan míì."

Ibi tó ti ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la ni iná ti ràn. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà yẹn ló mọ apá ibẹ̀, torí ojú wọn ló ṣe. Jemilat ní jẹ́lé-ó-sinmi kan níwájú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó ti pẹ́ tí kòkòrò éèdì ti wà lára rẹ̀, ọkọ rẹ̀ mọ̀, òun náà sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, débi pé àyẹ̀wò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí kòkòrò náà mọ́. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Bàlíkísù, tí ilé wọn kọjú síra, ló sọ fún un pé kó máa wá ṣe àyẹ̀wò níbi iṣẹ́ òun, pé ibẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ aláìsàn síta. Àfi bí àwòrán èsì Jemilat ṣe já sórí Wáàsáàpù àwọn ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ọmọ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá kan ṣoṣo ló yọjú, ife àti ṣíbí ọmọ rẹ̀ ló wá mú, ó sì fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kó tó gbé wọn. Ọkọ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ti gbà bẹ́ẹ̀, kò lè gba ti ojú àdúgbò. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Àwọn obìnrin kan tẹrí ba. Ẹni tó da omi sí Bàlíkísù lójú wà lára wọn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà lu síta, Fúnlọ́lá sáré lọ yẹ sáfà wò. Sáfà a máa ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wọlé, ó sì rí i gbangba. Ẹnìkan ti ń yí nọ́ńbà káàkiri, láti orí èsì kan bọ́ sórí òmíràn, títí tó fi dé orí ti Jemilat, tó sì tún kọjá lọ. Kò lo páswọ́ọ̀dù kankan. Ilẹ̀kùn tí Evelyn sọ ló gbà wọlé. Fúnlọ́lá fi ìkánjú ti ilẹ̀kùn náà lọ́sàn-án yẹn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà Ọ̀jẹ̀túndé wá pè é sí ọ́fíìsì. "Fúnlọ́lá, ṣé inú nǹkan tó o ṣe yìí ló ti jáde?"

"Rárá, sà. Sáìtì mi le dan-in dan-in. Ẹni tó ní páswọ́ọ̀dù ló ṣe é."

Dókítà wò ó títí. "Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ lórúkọ ẹnìkan lórí o. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti ilé yìí pa ni."

"Bàlíkísù ló ṣí fáìlì yẹn gbẹ̀yìn, sà."

Òótọ́ sì ni. Bàlíkísù ló ṣí i, torí òun ló bá Jemilat tẹ èsì náà sórí ìwé. "Òótọ́ yẹn ni mo fi hun irọ́ mi," Fúnlọ́lá sọ. "Wọ́n pe Bàlí wọlé. Bó ṣe rí mi níbẹ̀, ara tù ú. Ó ní, 'Ẹ bi Fúnlọ́lá, sà. Òun ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ó máa sọ fún yín pé kì í ṣe èmi.' Ó yíjú sí mi. Mo ní, 'Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, Bàlí.' Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún mi. Wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀. Èmi náà lọ sídìí sáfà, mo pa àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé rẹ́ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ láéláé pé irọ́ ni."

Rilwan ti ń bọ̀ wá bá a. Ààfáà na apá, ó dá a dúró. "Jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

"Kò tíì burú tán," Fúnlọ́lá ní. Omijé kò jáde lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó pọ́n. "Èyí tó burú jù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níhìn-ín. Jemilat wá bá mi."

Ìyá Jemilat, Àlàájà Ameenah, gbójú sókè.

Jemilat wá sí Yaba, síbi tí Fúnlọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Kò bínú, kò pariwo. Ohun kan ló fẹ́ mọ̀. "Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣe kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́ ni, àbí Bàlíkísù ló ṣe é? Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, kò burú, nǹkan tó bá bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Màá lọ gba oògùn mi níbòmíràn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Bàlíkísù tó ń bá mi gbé ọmọ pọ̀n ló tà mí, èèyàn wà nílé ìwòsàn gbogbo. Ta ni mo tún fẹ́ lọ fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀?" Fúnlọ́lá mọ ohun tí ìdáhùn òun lè fà. Kì í ṣe pé kò yé e. Obìnrin náà ti sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Ó sì wò ó lójú kòrókòró, ó ní, "Bàlíkísù ni." Jemilat dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò yọjú síbi tí wọ́n ti ń gba oògùn mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà, àwọn dókítà ibẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí apá wọn ká, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá oògùn.

Àlàájà Ameenah fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo bẹ̀ ẹ́," ló ń sọ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Mo bẹ Jemilat, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, pé kó lọ gba oògùn. Ó ní, 'Màámi, wọ́n á tún tà mí.' Mi ò mọ ohun tí ǹ bá wí."

Fúnlọ́lá wó lulẹ̀ síwájú rẹ̀. "Àlàájà, ẹ dárí jì mí. Bàlí, dárí jì mí."

Bàlíkísù ló kọ́kọ́ fèsì. Omi ṣì ń kán ní irun rẹ̀. "Ṣé o wá sílé mi, Fúnlọ́lá? Dáhùn! Lẹ́yìn tí wọ́n lé mi tán, ṣé o wá?"

"Mo wá."

"Bàbá mi kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá sè mọ́, ó ní ọwọ́ tó ta ọmọnìkejì kò lè bọ́ òun. O bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. O jẹun mi! O wá dì mọ́ mi, o ní, 'Bàlí, má sunkún mọ́, Ọlọ́run á jà fún ọ.' Ta lo ní kí Ọlọ́run bá jà, Fúnlọ́lá? Ta ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń ká a sílẹ̀. Àgbàlagbà kan bá wọn wí, ṣùgbọ́n Fúnlọ́lá fúnra rẹ̀ yíjú sí wọn. "Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ gbé e sókè dáadáa, ibi tí irọ́ mi dé ni kí òótọ́ dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ irú iṣẹ́ mi, ẹ wò mí o! Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ilẹ̀kùn yín ṣí, ẹ má bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Ẹ dìde, kẹ́ ẹ lọ tì í. Ẹni tí mo pè lólè ló fẹ́ gba ọmọ yìí là, èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá ni mo pa á."

Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó pe Dókítà Ọ̀jẹ̀túndé, ó sì jẹ́ kí ohùn jáde síta. "Sà, mo ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ Jemilat. Màá sì lọ sọ ọ́ fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí irú ẹ̀."

"Orí rẹ dàrú ni?" Ohùn dókítà dún ketekete. "Ṣé o rò pé mi ò fura nígbà yẹn? Mo dákẹ́ kí iṣẹ́ má bàa bàjẹ́ fún gbogbo wa ni. Ọmọbìnrin yẹn ti lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Pa ẹnu rẹ mọ́!"

"Nílé ìyá Jemilat ni mo wà, sà. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ yín."

Fóònù náà kú. Ariwo sọ. Rilwan àti àwọn ọkùnrin kan ti ń béèrè ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, wọ́n ní àwọn á lọ fọ́ ilé àyẹ̀wò náà. Àlàájà Ameenah ló fi ohùn kan dá wọn padà. "Ẹ jókòó! Ẹ ò ní fi ìjà ṣe àdúrà ọmọ mi." Ó yíjú sí Fúnlọ́lá. "Ìwọ, dìde níbẹ̀ yẹn. Ìkúnlẹ̀ rẹ kò wúlò fún mi. O ní ẹni yẹn yẹ èsì Jemilat wò, ó tún kọjá lọ sórí ti àwọn mìíràn. Ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn?"

"Rárá, mà."

"Nítorí náà, títí di òní, wọn ò mọ̀ pé ẹnìkan ti rí ìhòòhò àwọn?"

"Wọn ò mọ̀, mà."

"Lọ sọ fún wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ẹnu rẹ. Mi ò ní ìdáríjì kankan lọ́wọ́ báyìí. Bí Ọlọ́run bá fún mi lọ́jọ́ kan, ìwọ náà á gbọ́."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Bàlíkísù wá bá Fúnlọ́lá ní Yaba. Kò kí i. Ó fa àga, ó jókòó. "Mi ò wá bá ọ ṣọ̀rẹ́ o," ló wí. "Mo fẹ́ fi etí mi gbọ́ bó o ṣe máa sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi."

Fúnlọ́lá ṣí ìwé orúkọ gbogbo ẹni tí èsì rẹ̀ wà nínú sáfà nígbà yẹn, tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ nọ́ńbà fóònù àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, ó ní kóòtù làwọn á ti ríra. "Ẹjọ́ yín tọ́, sà," Fúnlọ́lá ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí síbẹ̀." Ó tẹ èkejì. Obìnrin kan ló gbé e, ariwo ọjà ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Fúnlọ́lá sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ ohun tí òun ṣe, ó ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ ló jẹ̀bi, òun ni. Obìnrin náà kò ṣépè. Ó jọ pé ó kúrò níbi tó wà, torí ariwo ọjà náà lọ sílẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Ọkọ mi ńkọ́? Ṣé òun ni ẹni tó wò ó?"

Àkọsílẹ̀ tí ì bá dá obìnrin yìí lóhùn, Fúnlọ́lá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

"Mi ò mọ̀, mà," ó sọ. "Mi ò lè mọ̀ láéláé."

Obìnrin náà gé fóònù. Fúnlọ́lá fi orí lé tábìlì. Bàlíkísù wò ó, kò fọwọ́ kàn án.

"Gbé orí sókè," ó ní. "Pe ẹni tó kàn."